Àpò Iṣu Tó Wà Lẹ́yìn Rẹ Nínú Fídíò

Òkè Mọ́sálásí,
Èrìò-Èkìtì.
Ọjọ́ Alámísì, lẹ́yìn ìrun àsárì.

Basit ọmọ mi,

Àsàlámù àlékùn. Ẹni tó bá fẹ́ bínú sí ọmọ rẹ̀, ó yẹ kó kọ́kọ́ kí i ná, kí àwọn máléékà tó ń kọ iṣẹ́ ẹni sílẹ̀ má baà sọ pé ìyá ọmọ náà kò níwà. Nítorí náà mo kí ọ. Ṣé o sùn dáadáa? Ṣé ara rẹ le? Ọlọ́run Ọba kò ní jẹ́ kí o rí ìjàǹbá ọkọ̀, kò ní jẹ́ kí o rí ogun aládùúgbò, kò ní jẹ́ kí iná mànàmáná gbé ọ pẹ̀lú gbogbo wáyà tó lọ́ mọ́ra wọn lábẹ́ tábìlì rẹ bí ejò yẹn. Mo rí àwọn wáyà náà. Kò sí ohun tí n kò rí. Ọlọ́run á ṣọ́ ọ, àmín. Ìkíni ti tán.

Inú ń bí mi, Basit. Inú ń bí mi débi pé láti àárọ̀ tí mo ti jókòó sídìí ọjà, ẹni tó ní kí n wọn iyọ̀ fún òun, ṣúgà ni mo wọ̀n fún un, ó sì tún padà wá bá mi jà. N kò ní ki ọ́ lóríkì lónìí. Ọ̀rọ̀ àpò tí bàbá rẹ fi ránṣẹ́ sí ọ ni mo fẹ́ bá ọ sọ, àpò iṣu tí a fi àkísà gèlè mi pupa di lẹ́nu. Ṣùgbọ́n bí mo bá bẹ̀rẹ̀ láti ibẹ̀, n óò fa ìwé yìí ya ni. Jẹ́ kí n rọra gbà á láti ìbẹ̀rẹ̀, kí n lè rí i kọ dópin.

Lẹ́tà ni mo kọ nítorí pé o kì í gbé fóònù. Mo ka àwọn fóònù tó wà lórí tábìlì rẹ, mọ́kàndínlógún ni, o tò wọ́n bí ẹni tó ń pàtẹ ẹja yíyan, kò sì sí ẹyọ kan nínú wọn tó ń dún nígbà tí mo bá pè. Mùsbáù awakọ̀ ló máa gbé ìwé yìí wá. Mo ti sọ fún un pé kó má kúrò lẹ́nu ọ̀nà rẹ títí wàá fi já a lójú òun, torí pé a ti mọ̀ ọ́ báyìí, o kì í tú ohun tó bá ti ilé wá. Má sì kà á síwájú kámẹ́rà.

Wàá fẹ́ mọ bí mo ṣe dédìí fídíò rẹ. Waliyat àbúrò rẹ ló fi hàn wá. Láti ìgbà tí bàbá rẹ kò ti lè lọ sóko mọ́ (ìdí rẹ̀ ń bọ̀ níwájú), Waliyat máa ń gbé fóònù rẹ̀ ti ife omi lórí àpótí, á ní ẹ wá wo bùrọ̀dá. Ọjọ́ àkọ́kọ́ tí mo rí ojú rẹ níbẹ̀, omi ayọ̀ bọ́ lójú mi. O ní báwo ni nǹkan, mo ní dáadáa ni o, ọmọ mi, ṣé o ti jẹun? O kò dúró gbọ́ èsì, o ti bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ọ̀rọ̀ fóònù lọ. Mo fojú fò ó, mo ní bóyá ó ń kánjú ni. Nígbà tí o máa parí, o ní kí gbogbo ẹni tó bá fẹ́ràn rẹ tẹ agogo tó wà nísàlẹ̀. Ta ló tún fẹ́ràn rẹ jù mí lọ? Mo tẹ̀ ẹ́. Mo jókòó, mo ń retí kí o wá wo ẹni tó wà lẹ́nu ọ̀nà. O kò yọjú. Ní ọjọ́ kejì mo tún tẹ̀ ẹ́, Waliyat ní màámi, ẹ ti tún pa á, mo ní n kò pa ohunkóhun, ọmọ mi ni mo ń pè. Ọjọ́ mọ́kànlá ni mo fi tẹ agogo yẹn, láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́. Ẹni tó so agogo mọ́lẹ̀kùn tí kì í ṣílẹ̀kùn, kí ló so ó fún?

O tún máa ń pe àwọn tó ń wò ọ́ ní ẹbí rẹ. O ní kí àwọn ẹbí rẹ káàbọ̀, o ní àwọn ẹbí rẹ ti pé ẹgbẹ̀rún lọ́nà igba. Bàbá rẹ ní ta ló bí wọn? Ọmọ mẹ́rin péré ni mo bí, mo sì mọ iye ẹ̀gbọ́n àti àbúrò tí mo ní. Ẹbí tó tó ẹgbẹ̀rún lọ́nà igba, kò sì sí ẹnì kan ṣoṣo nínú wọn tó yà kí wa nígbà Iléyá, bẹ́ẹ̀ ẹran wà nílẹ̀. Obìnrin kan sì tún wà tó máa ń já wọlé nígbà tí ọ̀rọ̀ rẹ bá ń wọni lára, á polówó ọṣẹ ìfọṣọ, á sọ tẹnu rẹ̀ tán, á jáde, ìwọ á sì máa bá tìẹ lọ bí ẹni pé kò sí ohun tó ṣẹlẹ̀. O kò bá a wí rí. Èmi ìyá rẹ tí mo ti ń ta ọṣẹ láti ọdún mẹ́rìnlélógún, tí mo fi owó rẹ̀ rán ọ níléèwé, o kò ní kí n wá polówó tèmi rí.

Wàyí o, ọ̀rọ̀ ẹ̀bùn. Waliyat ní àwọn tó ń ṣe fóònù ní ìlú Ṣáínà àti àwọn ìlú tó yí i ká ló máa ń fi fóònù tuntun ránṣẹ́ sí ọ, pé ọ̀fẹ́ ni, pé o kò sanwó. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run. Mo ní ọmọ mi rí ojúrere lójú àwọn àjèjì. Àfi bí mo ṣe rí i tí o gbé páálí síwájú gbogbo ayé, o fi ọ̀bẹ là á, o yọ ẹ̀bùn ẹni ẹlẹ́ni jáde, o gbé e yípo yípo, o wá bẹ̀rẹ̀ sí í ka àléébù rẹ̀. O ní bátìrì rẹ̀ kò lágbára. O ní ẹ̀yìn rẹ̀ ń gbóná. O ní kámẹ́rà rẹ̀ ṣú, ó mú ojú rẹ rí bí ojú aláìsàn. O fi ọ̀bẹ ha ojú rẹ̀ wò, o rì í sínú korobá omi, o wá gbé e gun òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, o jù ú sílẹ̀. Mo pariwo, mo ní laa ilaha ilalaahu, ta ló ṣe ọmọ yìí?

Ẹ̀bùn ni o! Nígbà tí o wà lọ́mọ ọdún márùn-ún, ìyá Ìtùnúolúwa tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa yìí fún ọ ní ẹ̀kọ méjì, o fi ọwọ́ òsì gbà á, mo gbá ọ lọ́wọ́, o fi ọ̀tún gbà á, mo ní kí o fi méjèèjì gbà á kí o sì dọ̀bálẹ̀. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, mo fà ọ́ lọ́wọ́ padà síwájú rẹ̀ kí o lọ sọ pé ẹ ṣé àná. O wí i. Mo gbọ́ ọ pẹ̀lú etí mi. Ẹni a ṣe lóore tí kò dúpẹ́, bí ọlọ́ṣà kóni lẹ́rù lọ ni, àwọn àgbà ló sọ bẹ́ẹ̀, wọn kò sì sọ pé àyàfi tó bá jẹ́ fóònù.

Bàbá rẹ kò sùn dáadáa lọ́jọ́ náà. Ó ní àwọn tó ṣe fóònù yẹn á máa bi ara wọn léèrè pé ọmọ ta nìyí, pé kò yẹ kí a jẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà tutù kí a tó lọ bẹ̀bẹ̀. Ṣùgbọ́n báwo la ṣe fẹ́ dé Ṣáínà? Ibẹ̀ ni mo ti rántí pé bàbá òyìnbó kan wà pẹ̀lú àwọn tó ń ṣe ọ̀nà lápá Ìkógòsí, pé apá ibẹ̀ yẹn ló ti wá, àti pé Tóyìn ọmọ Ẹ̀yínadé ló máa ń bá a túmọ̀ ọ̀rọ̀. Mo ṣa iṣu mẹ́fà, mo bu epo sí kẹ́ẹ̀gì, mo mú Waliyat dání. Bàbá rẹ tí kò lè rìn, ó ṣí fìlà orí rẹ̀, ó ní kí n gbé e lọ, kí ọkùnrin náà lè mọ̀ pé olórí ilé mọ̀ sí i.

Mo kúnlẹ̀ sórí òkúta wẹ́wẹ́ níwájú àwọn òṣìṣẹ́, Basit. Mo gbé fìlà bàbá rẹ sẹ́gbẹ̀ẹ́ iṣu. Mo ní kí Tóyìn sọ fún un pé ọmọ wa ló ṣẹ̀ wọ́n, pé kì í ṣe bí a ṣe kọ́ ọ nìyẹn, pé kó bá wa tọrọ àforíjì lọ́wọ́ àwọn tó ṣe fóònù. Tóyìn ń rẹ́rìn-ín, mo wò ó, ó pa ẹnu dé. Ọkùnrin náà ní òun kì í ṣe ará Ṣáínà, ará Kóríà ni òun. Mo ní kò sí ìyàtọ̀, bí ẹnì kan bá ṣẹ ará Ẹ̀fọ̀n, ṣé kò lè bẹ ará Ìmẹ̀sí pé kó bá òun bá wọn sọ ọ́ ni? Ó ní òun kì í sì í ṣe fóònù, ọ̀nà ni òun ń ṣe. Mo ní ṣebí fóònù nìyẹn lọ́wọ́ rẹ̀. Ó wo Tóyìn, ó wo fìlà bàbá rẹ, ó wá wo orúnkún mi. Ó dìde. Ó ṣí akoto orí rẹ̀, ó tẹ̀ ba, ó fi ọwọ́ méjèèjì gba iṣu náà lọ́kọ̀ọ̀kan, ó sì ní kí Tóyìn sọ fún mi pé òun ti bá gbogbo wọn dárí jì ọ́.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, mo ń gbálẹ̀ iwájú ilé nígbà tí ọkọ̀ rẹ̀ dúró. Ó sọ̀ kalẹ̀, ó tẹ̀ ba, ó sọ ọ́ ní Yorùbá pé ẹ ṣé àná. Kò pè é dáadáa, ṣùgbọ́n ó pè é. Ó ní òun ti sè é jẹ, ó dùn púpọ̀. Mo dá a lóhùn, mo wọlé, mo jókòó sórí ẹní, mo sì sunkún. Ẹni tí mi ò mọ ọ̀nà ìlú rẹ̀ mọ ẹ ṣé àná. Iṣu oko bàbá rẹ ló jẹ, Basit, ebè kan náà ló ti jáde pẹ̀lú èyí tó wà nínú àpò rẹ.

Ó wá kan àpò náà.

Nígbà iṣu tuntun, bàbá rẹ wa iṣu, gàǹbárí gidi, èyí tó máa ń fà bí a bá gún un. Ó ṣa mẹ́jọ tó dára jù, ó fi aṣọ ara rẹ̀ nu erùpẹ̀ ara wọn. Mo kó ẹ̀gúsí bíbó sí i, mo kó ata gígún sí i, mo fi epo sínú ìgò, mo fi ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ wé ìgò náà kó má baà fọ́. Mo fa gèlè mi pupa tó ti gbó ya, a fi di ẹnu àpò kí Mùsbáù lè dá a mọ̀ láàárín ẹrù. Mo ní kí a fún àwọn ọlọ́kadà gbé lọ sí gáréèjì Ẹ̀fọ̀n. Bàbá rẹ kọ̀, ó ní àwọn ọmọ yẹn máa ń ju ẹrù ni, pé òun fúnra òun ló máa gbé e lọ. Òjò ṣẹ́ṣẹ̀ dá lọ́jọ́ náà. O mọ òkè Ẹ̀fọ̀n. Ọ̀kadà yọ̀, ó sì gbé wọn ṣubú. Bàbá rẹ di àpò náà mọ́ àyà, kò jù ú sílẹ̀. Ẹsẹ̀ ọ̀tún rẹ̀ ṣẹ́. Iṣu kankan kò ṣẹ́. Orí ilẹ̀ ló jókòó sí títí Mùsbáù fi dé, ó fa àpò lé e lọ́wọ́ kó tó jẹ́ kí wọ́n gbé òun.

Ó ní a kò gbọdọ̀ sọ fún ọ, kí iṣu náà má baà korò lẹ́nu rẹ. Mo ti sọ ọ́ báyìí. Kó korò.

Nígbà tí Waliyat kọ́kọ́ fi fídíò rẹ hàn án, kò wo fóònù tí o gbé dání, kò tilẹ̀ wo ojú rẹ pẹ́. Ó nawọ́ sí igun ògiri lẹ́yìn rẹ, ó ní ẹ wò ó, uṣu mi rè é, ó ti dé ulé! Òótọ́ ni, àpò náà ló dúró síbẹ̀ pẹ̀lú gèlè mi lẹ́nu. Inú rẹ̀ dùn bí ẹni tó rí ọmọ méjì lẹ́ẹ̀kan. Ó ní ní fídíò tó ń bọ̀, yóò ti tú u. Fídíò tó ń bọ̀ dé, ẹnu àpò ṣì wà ní dídì. Òmíràn dé, ó ṣì wà ní dídì. Láti ìgbà náà, kì í ṣe fóònù la ń wò mọ́. O máa ń yangàn pé wọ́n ń wò ọ́ ní Lọ́ńdọ̀nù. Ní Èrìò níbí, àwa mẹ́tàdínlógún la máa ń péjọ síwájú fóònù Waliyat. Ìyá Ìtùnúolúwa máa ń wá tààrà láti ìpàdé àwọn obìnrin ṣọ́ọ̀ṣì wọn. Kò sí ẹnì kankan nínú wa tó mọ orúkọ fóònù kan. Àpò là ń wò.

Ọjọ́ kan wà tí o dá fídíò olórin kan dúró. Fóònù tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ nínú orin rẹ̀ tuntun ni ọ̀rọ̀ dá lé, o sì sọ ọ́ fún odindi wákàtí kan. O fẹ àwòrán náà, o nàka sí dígí tó wà lẹ́yìn olórin náà, o ní ẹ wò ó dáadáa, fóònù mìíràn ló wà lápò rẹ̀, èyí tó gbé síwájú kámẹ́rà kọ́ ló ń lò nílé. Orí mi wú, mo ní ọmọ mi lójú! Lẹ́yìn náà ni inú bẹ̀rẹ̀ sí í bí mi. Ojú rẹ tó ohun tó wà nínú dígí lẹ́yìn olórin tí kò mọ̀ ọ́ rí. Kò tó ohun tó wà lẹ́yìn ìwọ fúnra rẹ.

Bàbá rẹ ló máa ń gbè ọ́. Ó ní o ń tọ́jú rẹ̀ de àlejò ni. Ó ní igun ibẹ̀ tutù, pé iṣu kì í bàjẹ́ níbi tó bá tutù. Nígbà tí o gbé ara bo àpò náà mọ́lẹ̀, ó ní kí Waliyat sọ fún ọ pé kí o sún díẹ̀. O gbé iná tó ń tàn sí ọ lójú lé e lórí, ó ní ṣé ẹ rí i, ó ti rí ìwúlò rẹ̀. Ẹ̀hù yọ jáde lára àpò, mo rí i, mo rò pé òun kò rí i, àfi bó ṣe ní uṣu yẹn fẹ́ padà sóko. Ó rẹ́rìn-ín nígbà tó sọ ọ́. Èmi kò rẹ́rìn-ín.

Ẹnì kan nínú ẹbí rẹ ẹgbẹ̀rún lọ́nà igba wá kọ̀wé sísàlẹ̀ fídíò. Àjèjì ni, ojú rẹ̀ ríran, ó bi ọ́ pé kí ló wà nínú àpò tó wà lẹ́yìn rẹ. A yọ̀, a ní Ọlọ́run ti rán ẹni sí i. O sì dá a lóhùn, ìwọ tí o kì í dá èmi lóhùn. O ní ẹrù oko ni, kó má ṣe wò ó, o wá fi orí yẹ́lò tó máa ń rẹ́rìn-ín títí omi á fi bọ́ lójú rẹ̀ sí i, mẹ́ta. Waliyat ti kà á sókè sí bàbá rẹ létí kó tó mọ ohun tí òun ń kà. Bàbá rẹ ní kí a bu omi àlùwàlá fún òun, bẹ́ẹ̀ àkókò ìrun kò tí ì tó.

Ẹrù oko. Ẹrù oko ló rà ọ́ ní ìwé tí o fi mọ òyìnbó tí o ń sọ sí wọn. Ta lo rò pé ó ń rẹ́rìn-ín nínú orí yẹ́lò mẹ́ta yẹn, Basit? Mo bi ọ́, dá mi lóhùn.

Mo fẹ́ gbé ìyẹn náà mì. Àmọ́ fídíò ọjọ́ Ajé yìí dé, igun náà ṣófo. Àpò ti lọ. Bàbá rẹ fi igbe ta, ó ní Àlàáhù àkíbárù, ó ti tú u! Ó ti jẹ ẹ́! O mọ̀ pé etí rẹ̀ kò gbọ́ràn dáadáa mọ́ láti ọdún mẹ́ta sẹ́yìn, ojú rẹ nìkan ló ń wò, kì í gbọ́ ohun tí o ń sọ bí Waliyat kò bá tún un sọ sí i létí. Èmi gbọ́. Waliyat gbọ́. O ní o ráyè ní ọjọ́ Àìkú, o ti palẹ̀ gbogbo pàǹtí tó wà nínú yàrá náà mọ́, pé akólẹ̀ ti kó o lọ, pé ibi gbogbo ti wá mọ́lẹ̀ rekete báyìí, kí àwọn ẹbí rẹ wò ó.

Pàǹtí.

Bàbá rẹ ní kí n gún iyán. Láti ìgbà tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ti ṣẹ́, òkèlè mẹ́ta ni agbára rẹ̀ mọ, ṣùgbọ́n lọ́jọ́ Ajé yìí ó jẹ tán, ó bu sí i. Ó ránṣẹ́ sí ìyá Ìtùnúolúwa, ìyẹn wá, ó bẹ̀rẹ̀ orin ṣọ́ọ̀ṣì nínú ilé Hàrúnà bàbá rẹ, òun náà sì ń pàtẹ́wọ́ sí i. Ó wá kọjú sí wa, ó ní kí lọmọ náà sọ nípa uṣu ọ̀ún? Waliyat wo ojú mi. Mo la ẹnu, mo ní ó ní ó dùn. Ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n tí mo ti fẹ́ ọkùnrin yẹn, n kò purọ́ fún un rí, àfi lọ́jọ́ Ajé. Ìwọ lo fi irọ́ náà sí mi lẹ́nu. Ó dì í mú bẹ́ẹ̀, gbogbo ẹni tó bá yà kí i ló ń sọ fún pé Basit ní uṣu náà dùn.

Waliyat ti là á yé mi pé iṣẹ́ ni o ń ṣe, pé àwọn tó fún ọ ní fóònù náà mọ̀ pé wàá ka àléébù rẹ̀, pé ìyẹn gan-an ni iṣẹ́ náà. Mo gbọ́. Bí ó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀, mo ti kúnlẹ̀ sórí òkúta lásán, kò burú, orúnkún mi ni. Ṣùgbọ́n ìbá tẹ́ mi lọ́rùn kí o tú àpò bàbá rẹ síwájú gbogbo ayé, kí o gbé iṣu rẹ̀ yípo, kí o ní èyí wọ́, èyí kéré, ata ìyá mi ta jù. Ìbá sàn fún un ju bí o ṣe ṣe yìí lọ. Fóònù tí o bú, o kọ́kọ́ tú u ná.

Ohun tí mo fẹ́ gbà lọ́wọ́ rẹ kò pọ̀. Fi owó dátà ránṣẹ́ sí Waliyat, torí pé gbogbo tirẹ̀ la fi wo igun ògiri rẹ tán. Fi owó onítọ́jú eegun ránṣẹ́, kì í ṣe sí mi, sí bàbá rẹ fúnra rẹ̀, kó lè fọwọ́ kàn án. Má ra fóònù kankan fún mi. Mo ti rí ohun tí ojú fóònù ń rí lọ́wọ́ rẹ.

Èyí tó ṣe kókó nìyí. Bí mo ṣe ń kọ ìwé yìí, bàbá rẹ jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó na ẹsẹ̀ tó ṣẹ́ síwájú, ó ń di àpò mìíràn. Iṣu méjìlá ni lọ́tẹ̀ yìí. Ó ní mẹ́jọ ti kéré jù fún ọ, ìdí nìyẹn tí o fi tètè jẹ ẹ́ tán. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ béèrè gèlè lọ́wọ́ mi tán ni. Ó ní ní ọjọ́ Àìkú, òun fúnra òun ló máa gbé e gun ọ̀kadà dé gáréèjì Ẹ̀fọ̀n, kò sẹ́ni tó lè yí i lọ́kàn padà. Bí mo bá fẹ́ dá a dúró, àfi kí n sọ ibi tí àpò àkọ́kọ́ lọ fún un. N kò lè sọ ọ́, Basit. Mo gbìyànjú rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, ẹnu mi kọ̀ ọ́.

Ìwọ wá gbé e. Mùsbáù ń padà bọ̀ ní Sátidé, jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ nínú ọkọ̀, má gbé kámẹ́rà dání. Bí o bá dé, dọ̀bálẹ̀ gbọọrọ. Á bi ọ́ léèrè bí iṣu ṣe rí. Ohun tí wàá sọ, èmi kò ní kọ́ ọ, mo ti ṣe tèmi.

Ọlọ́run á là ọ́ lójú. Iṣẹ́ rẹ kò ní bàjẹ́. Ọmọ tìẹ náà á dàgbà lójú rẹ, á jìnnà sí ọ, ìwọ náà á di ẹrù ránṣẹ́ sí i, á sì tú u. Àmín. Ọlọ́run á gbé ọ délé, á sì jẹ́ kí o bá bàbá rẹ nílé.

Èmi ni ìyá rẹ,
Amudalat.